Ẹnu Ń Lọ, Orin Ò Jáde

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ibí tutù débi pé orúnkún mi ń kùn sí mi. Ṣé ara yín le? Ṣé ojú tí ẹ fi ń wo inú àwọn aago kéékèèké yẹn ò dùn yín? Ọmọ mi Ṣíbí ńkọ́, òun àti ṣíbí tí a fi sọ ọ́ lórúkọ? Ṣé kì í yọ yín lẹ́nu jù? Mo mọ̀ pé ó ń yọ yín lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ wo ni kì í yọni lẹ́nu?

Bàbá mi, mo ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Níbi iṣẹ́ mi, ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ tí mo ti ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wa fún gbogbo òbí ní ìwé kékeré kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ wọn nílé, kí wọ́n sì máa kọ gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ orin sílẹ̀: kí ló ń kọ, ìgbà wo ló ń kọ ọ́, kí ló ń fi lù, ṣé ó máa ń jó, ta ló ń wò bó bá ń jó. Ó ní ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ tí kò tíì lè ṣàlàyé ara rẹ̀. Bàbá kan kọ ọ́ síwèé pé ọmọ òun máa ń kọrin fún ọṣẹ. Ìyá kan ní tòun ń fi orí lu ilẹ̀kùn, àmọ́ pé ìlù náà máa ń bára mu. Mo rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo rántí pé èmi náà lọ́mọ, tí mi ò sì mọ orin kan ṣoṣo tó ń kọ. Oṣù mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti kúrò nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má yọ kúrò, ẹ má fi kún un. Mi ò bá pè yín lórí fóònù kí n gbọ́ ọ fúnra mi, àmọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ibí ni ẹ ti ní fóònù ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, pé lẹ́tà ni ti ọmọlúàbí. Ó dáa, ọmọlúàbí ni mí, mo ti kọ lẹ́tà.

Èmi ọmọ yín tó ń retí.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ara mi le. Ojú ò dùn mí. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, o ò sì béèrè ẹsẹ̀.

Mo ka iṣẹ́ tí o bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rò pé mo ṣì í kà ni. Èmi tí mo ti ń tún aago ṣe láti ọdún mọ́kànlélógójì, kí n jókòó máa ṣọ́ ọmọdé bóyá ó ń kọrin fún ọṣẹ! Ó dáa. Iṣẹ́ tí mo bá gbà, mo máa ń ṣe é kó dójú àmì ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣọ́ ọmọ rẹ. Ohun tí mo rí rèé.

Ọjọ́ Ajé, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀, ní balùwẹ̀. Mo ń da omi sí i lára. Ó la ẹnu gbàgà, ó pa á dé, ó tún là á, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Mo rò pé ọṣẹ ló kó sí i lẹ́nu. Mo fi omi ṣan ẹnu rẹ̀. Ó bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá, nídìí tábìlì iṣẹ́ mi. Ó fi ṣíbí tí kì í jù sílẹ̀ yẹn lu agolo ìṣó kéékèèké mi. Tábìlì mì tìtì. Irin róbótó kan fò jáde nínú aago ọwọ́ tí mo tú palẹ̀, a ò sì tíì rí i di òní olónìí. Bóyá orin nìyẹn, mi ò mọ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, òfò ni mo pè é.

Ọjọ́rú, ó dúró síwájú aago ńlá ara ògiri. Bí irin gígùn abẹ́ aago náà bá fì sọ́tùn-ún, ọmọ rẹ á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Bó bá fì sósì, á tẹ̀ sósì. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló fi ṣe é, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mo dá aago náà dúró kí n lè dán an wò. Ó dúró sójú kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè, ó ń wò mí bí ẹni pé mo ja òun lólè, títí mo fi tún tì í kó máa lọ. Ìyẹn wú mi lórí díẹ̀.

Àwọn ọjọ́ yòókù ò yàtọ̀. Ní ti orin, orin kankan ò jáde. Ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ kan láti rò. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á gun orí itan mi, á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú, á yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó tó la ẹnu. Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?

Iṣẹ́ ò yá mọ́. Ìyá Ọ̀gá, olórí ilé ìwé ìkóríta, wá gbé aago wọn lọ láì tíì ṣe é tán. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn pọ́n, wọ́n na ìka sí mi, ẹnu wọn ń lọ wàìwàì, wọ́n bá tiwọn lọ. Alápatà náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣẹ̀ wọ́n. Ara ń kan àwọn èèyàn ìsinsìnyí jù. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìwà hù ni aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. Bó bá ti rí mi, á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kíni níbi tó ti wá nìyẹn. Èmi náà máa ń bo etí mi dá a lóhùn.

Fi ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ránṣẹ́.

Èmi tó bí ọ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ má bínú pé mi ò béèrè ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Mo ti ra ìbọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wà nínú ẹrù tó ń bọ̀.

Bàbá, lẹ́tà yín já mi láyà. Ẹ ní ọmọ mi ń la ẹnu, ohùn ò jáde! Ẹ wá kọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé òjò ò rọ̀ lánàá. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún ọ̀gá mi. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní, "Ṣé ó máa ń kọrin kí o tó fi í sílẹ̀?"

Mo ní, "Á à, ó ń kọrin fún bàtà, ó ń kọrin fún àwo."

Ó ní, "Ọmọ tó ń kọrin tẹ́lẹ̀ tí kò wá kọ ọ́ mọ́, nǹkan kan ló gbé orin náà mì."

Mo jókòó sórí àga ọmọdé kan tí kò ga ju ojúgun mi lọ, mo ń ro ohun tó lè jẹ́. Nǹkan méjì ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni èmi tí mo fi í sílẹ̀ lọ. Èkejì ni ẹ̀yin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú. Ṣé ẹ rántí bí èmi àti Àǹtí ṣe dàgbà? Ọmọ ìka ẹsẹ̀ la fi ń rìn nínú ilé yẹn torí pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Bí a bá rẹ́rìn-ín, "Panu mọ́!" Bí a bá sín, "Ta nìyẹn?" Àǹtí tó ń ta búrẹ́dì báyìí, tí ohùn wọn ń dé òpópónà kẹta, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ní ohùn. Ṣé ẹ ti ń jágbe mọ́ ọmọ mi ni? Ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Mo ti kọ̀wé sí Àǹtí. Bí nǹkan ò bá yí padà kí oṣù kẹta tó parí, wọ́n á wá mú Ṣíbí lọ sọ́dọ̀ wọn. Ilé wọn ò tóbi, àmọ́ ó kéré tán, ariwo wà níbẹ̀.

Ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀ kí n tó mú báírò. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ kì í kọ sí bàbá rẹ̀. O kọ mẹ́rin nínú wọn, o sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan.

Mi ò jágbe mọ́ ọmọ rẹ rí. Kí ni màá tìtorí ẹ̀ jágbe? Ọmọ yìí kì í pariwo. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kò sí ọmọ tó ṣe jẹ́jẹ́ bí i tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Wọ́n á wò mí, wọ́n á wo ọmọ náà, wọ́n á tún wò mí.

Síbẹ̀, torí pé o fẹ̀sùn kàn mí, mo kó irin iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀. Mo ní, "Ṣíbí, kọrin fún Bàbá." Ó dìde, ó gbé ṣíbí rẹ̀ síwájú ẹnu, ó la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ojú rẹ̀ pọ́n, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ ń kàn mí lójú, ó ń ta sánsán bísíkíìtì. Bóyá ohùn kan wà níbẹ̀, bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì. Mo ní, "Gbé e sókè díẹ̀." Ó gbé e sókè. Ajá kan tó sùn sí òdìkejì títì fò dìde, ó sá lọ. Mi ò mọ ohun tó lé e.

Ni mo bá dìde, mo jó, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí! Aránṣọ ń wò wá lójú fèrèsé, ó fi aṣọ oníbàárà bo ojú.

Irú aago kan wà tó máa ń ṣe báyìí. Òòlù kékeré inú rẹ̀ á gbéra, á sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní kan ohun tó yẹ kó lù. Nǹkan kan ló yẹ̀ nínú. Ká ní aago ni ọmọ rẹ ni, mi ò bá ti tú u. Àmọ́ ọ̀fun ọmọ ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò fẹ́ kọ ọ́ síwèé, mo sì ti kọ ọ́ báyìí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bó bá di kánjúkánjú, nọ́ńbà fóònù aránṣọ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí. Má pe tèmi, ó wà nínú àpótí àwọn aago tó ti kú.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá mú un kí n tó gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Lẹ́tà yín dé lánàá, mo sì pe aránṣọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ọmọ Bàbá Aláago ni mí."

Ó ní, "Kí lẹ wí?"

Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ gbé e sókè, mi ò gbọ́ yín." Ariwo kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ń ké bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi sọ fún ìyá ọmọ yẹn kó wá nǹkan fi sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo fẹ́ sọ.

Ó wá ní, "Ṣebí ẹ̀yin nìyá rẹ̀."

"Ṣíbí nìyẹn?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Inú ilé yín ló wà o. Inú yàrá tèmi ni mo wà, mo sì ti fèrèsé." Ó ní láti ọjọ́ tóun ti kó débẹ̀, orin Ṣíbí ló ń jí òun láràárọ̀. Ó ní òun ti bẹ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ẹ bá òun rọra pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́, òun tiẹ̀ fi ọwọ́ bo etí kó lè yé yín, àmọ́ ṣe ni ẹ ń bo etí yín náà, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí òun.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ọmọ tí mò ń tọ́jú pé jọ yí mi ká, ọ̀kan gbé omi wá fún mi. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Fóònù tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọmọ tó ń yí ojú yín sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹnu Ìyá Ọ̀gá tó ń lọ wàìwàì tí ẹ ò lè sọ ohun tí wọ́n wí.

Bàbá mi, mo kúnlẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń béèrè: bí aago ńlá ara ògiri yẹn bá lù, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Láti ìparí oṣù kẹta ni ìbéèrè rẹ ti dé, mo sì fi í sábẹ́ aago tábìlì. Mo gba méjì mìíràn tí o fi tẹ̀ lé e, mo sì gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tó jẹ́ pé bí mo ṣe ń kà á ló ń dà bí ẹni pé wọ́n ń jágbe mọ́ mi. Ìtìjú ló mú mi, ọmọ mi.

Rárá. Mi ò gbọ́ ọ. Ó tó ọdún mẹ́ta. Ìka ni mo fi ń ṣiṣẹ́: bí mo bá gbé ìka lé ẹ̀yìn aago, mo máa ń mọ̀ ọ́n bó bá ń lọ dáadáa. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Fóònù ló fẹ́ tú àṣírí mi, ni mo bá fi ẹ̀sùn kàn án.

Jẹ́ kí n sọ ti ilé ìwòsàn. Èèyàn bí ogún ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ń retí kí wọ́n pè wá. Ṣíbí gun orí bẹ́ǹṣì, ó la ẹnu. Kò pẹ́ tí mo rí i tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tí wọ́n di orúnkún rẹ̀ ń fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, mo rò pé òun ló fẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Mo dìde dúró, mo pàtẹ́wọ́ fún un, mo sì kí i kú iṣẹ́.

Dókítà náà lè jẹ́ àbúrò rẹ. Mo ní, "Dókítà, ohùn ọmọ yìí ò jáde." Ó wò mí. Ó wo Ṣíbí tó ń fi ṣíbí lu bẹ́ẹ̀dì onírin. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn mi bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan. Mo jókòó jẹ́jẹ́, mo ń retí. Ṣíbí ló fà mí láṣọ, ó yí ojú mi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Bàbá, wọ́n ń pè yín. Wọ́n ti pè yín títí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Dókítà ń sọ ọwọ́ tó fi yí ẹnu ká kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yìí. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò."

Ohun tí wọ́n fi omi fọ̀ jáde létí òsì mi, mi ò ní júwe rẹ̀ fún ọmọ tí mo bí. Wọ́n ní ọjọ́ orí ló mú ìyókù lọ, pé kí n máa lo ẹ̀rọ kékeré kan. Ìparí oṣù tó kọjá ni ẹ̀rọ náà tó dé. Wọ́n fi í sí mi létí, mo jáde, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà ara mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń tẹ̀ lé mi.

Nígbà tí a délé, mo ṣí ilẹ̀kùn. Aago mẹ́tàdínlógún ló wà ní yàrá iṣẹ́ mi, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin nínú wọn ń tiro, àwọn tí mo ti kọ "ó ti parí" sí lára o! Bí mo ṣe ń wá ibi jókòó ni Ṣíbí bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi, ariwo! Mo yọ ẹ̀rọ náà, mo nù ún, mo tún fi í sí i. Ariwo náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ní, "Ṣíbí, kí ló dé tí o fi ń pariwo tó báyìí?"

Ó ní, "Kí ẹ lè gbọ́ ni."

Mo fa àga, mo jókòó síwájú rẹ̀. Nígbà tí mo wá fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń kọ, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ìbànújẹ́. Orin tó ń kọ rèé:

Ìyá Ọ̀gá, Ìyá Ọ̀gá,
ó gbé aago ṣubú, ó ní aago ló fò.
Irọ́ ńlá, irọ́ ńlá,
irọ́ tó wọ bàtà tó dé fìlà.

Ọ̀rọ̀ mi ni! Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ nídìí tábìlì. Inú ikùn ni mo rò pé mò ń sọ ọ́ sí. Ta ni kì í sọ irú ẹ̀ nínú ikùn? Ó ní ti alápatà náà, pé ọ̀rá wà nínú aago rẹ̀, pé aago náà ń rùn bí ẹran àná. Ó ní ti aránṣọ. Ó ní tìrẹ náà, mi ò ní kọ tìrẹ. Àwọn orin yìí ló sì ń kọ fún àwọn oníbàárà ní ẹnu ọ̀nà, ní ojú mi, èmi sì ń sọ fún wọn pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Ìròyìn tí o béèrè rèé, òótọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó máa ń kọrin láti ìgbà tó bá ti jí títí di ìgbà tó bá sùn. Orin balùwẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí orin oúnjẹ. Bó bá ń wọ bàtà, á kọ ọ́ kíákíá. Bó bá ń bọ́ ọ, á fà á nílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Nígbà tó ń fì níwájú aago ògiri, kì í ṣe wíwò nìkan ló ń wò ó, ó ń gbè é lẹ́nu. Àwọn aago mẹ́rin tó ń tiro yẹn, òun ló mú wọn hàn mí. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, orin rẹ̀ á ṣì, á dúró, á sì fi ṣíbí nà án.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ń bọ̀. Mo ti rò ó. O fi ọmọ rẹ sọ́dọ̀ adití, adití náà ò sì sọ fún ọ. Bí o bá ní kí wọ́n wá mú un, mi ò ní bá ọ jà. Màá di ẹrù rẹ̀ fúnra mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ara. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo ka lẹ́tà yín, tíì tí mò ń mu sì gba imú mi jáde níbi tí ẹ ti ń kí nọ́ọ̀sì kú iṣẹ́. Ọ̀gá mi ní dandan kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí àwọn òbí mú wá, tiyín ló dáa jù, pé kí n béèrè bóyá ẹ ṣì ń wáṣẹ́.

Ẹ má di ẹrù kankan. Ọmọ tó ń kọrin láti àárọ̀ títí dìgbà tó máa sùn, tó ń bínú sí aago tó ń tiro, tó rí i pé bàbá òun ò gbọ́, tó sì gbé ohùn sókè fún un láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun, kí ni Àǹtí fẹ́ fi kún un? Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró sídìí búrẹ́dì wọn. Èmi ni kí n bẹ̀ yín. Mo fẹ̀sùn kàn yín, mo sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ ò bá ti sọ fún mi, Bàbá. Ọdún mẹ́ta!

Ẹ lọ bẹ Ìyá Ọ̀gá o. Ẹ mú Ṣíbí dání, àmọ́ ẹ fẹnu ara yín gba ẹ̀bi náà, kó má bàa dà bí ẹni pé ọmọ nìkan lẹ ń dá lẹ́bi.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín nígbà tí mo bẹ̀ yín níṣẹ́. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mò ń kọrin fún lójoojúmọ́. Wọ́n mọ ohùn mi. Bí mo bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ti mọ̀ pé èmi ni. Mo wá ń ronú pé tèmi ńkọ́? Bí mo bá wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, ta ni Ṣíbí máa rò pé ó dé?

Mò ń pè yín lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ yọ fóònù yẹn kúrò láàárín àwọn òkú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìbọ̀sẹ̀ dé, ẹsẹ̀ ń dúpẹ́.

A ti lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ọ̀gá. Kí a tó kúrò nílé, mo bá Ṣíbí ṣe àdéhùn pé kò ní kọrin. Ó gbà. Ọwọ́ méjèèjì ló fi bo ẹnu láti ilé wa títí dé ìkóríta, ṣíbí rẹ̀ wà lábíyá. Ìyá Ọ̀gá ní ká wọlé, àmọ́ wọn ò ní ká jókòó. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, èmi ni mo sọ ọ́, ọmọdé kàn gbé e sórí ohùn ni."

Wọ́n ní, "Orin wo lẹ ń sọ?" Wọ́n fẹ́ kí ojú tì mí dáadáa ni. Ni Ṣíbí bá rò pé ṣe ni wọ́n ní kóun kọ ọ́. Ó yọ ọwọ́ lẹ́nu. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé irọ́ tó dé fìlà, ó sì jó sí i.

Mo ń wá ihò tí màá wọ̀. Ìyá Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n wá fi ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé dá a lóhùn, lórí orin kan náà:

Bàbá Aláago, Bàbá Aláago,
mo ní kó bá mi tún un ṣe, ó ní àlàáfíà ni.
Mo ní ọjọ́ wo ni yóò parí,
ó ní òun ti jẹun, ẹ ṣeun.

Ọmọ mi, wọ́n ti ní in lẹ́nu látọjọ́ yìí! Ṣíbí fò sókè, ó ní kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó, wọ́n wá ní kí èmi náà jókòó. Aago wọn ti padà sórí tábìlì mi. Wọ́n gbà pé àwọn ló gbé e ṣubú.

Ó ku ti fóònù. Mo mọ ohun tí o rò lọ́jọ́ Àìkú yẹn, torí mo gbọ́ bí o ṣe fun imú kí fóònù tó gé. Mo gbé e fún Ṣíbí, ó sá wọ abẹ́ tábìlì. O ń pè é, kò dáhùn. O ní ṣé ó ti jẹun, kò dáhùn. O ní ta ló ń di irun rẹ̀, ṣé bàtà rẹ̀ ò tíì kéré, kò sọ gbólóhùn kan. O ní kí n má fipá mú un. Mi ò fipá mú un. Èmi náà rò pé kò mọ̀ ọ́ mọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀, ní balùwẹ̀. Mo ń da omi sí i lára. Ó la ẹnu, orin tí mi ò gbọ́ rí ló jáde:

Ṣíbí mi, ṣé o ti jẹun?
Ṣíbí mi, ta ló ń dirun rẹ?
Ṣé bàtà ò tíì kéré,
ṣé bàtà ò tíì kéré o?

Bí o ṣe máa ń gbé "jẹun" sókè bí ẹni tó ń fo gọ́tà, bẹ́ẹ̀ náà ló gbé e. Ìparí orin náà, ó fi ìka méjì di imú, ó fun ún, fìn-ín! Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Omi kún inú garawa, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò lè ti ẹ̀rọ omi. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, ni mo bá gbè é.

Ó dúró. Ó wò mí pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Ó ní, "Ti màmá mi ni. Ẹ má gbè é, Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò gbè é mọ́.

Bàbá rẹ.